Àwo Sinimá àti Íntánẹ́ẹ̀tì: Ìtàn Tìmì Ẹdẹ Láti Ilé Dé Ilé

Ní ìlú Ẹdẹ, kò di ìgbà tí ọmọ bá wọ ilé-ìwé kí ó tó gbọ́ ìtàn Tìmì Ọlọ́fà-iná. Ẹnu àwọn àgbà ni yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ bí Aláàfin ṣe rán jagunjagun náà láti Ọ̀yọ́ wá dúró sí ẹnu ibodè ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Bí agbára rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i ní Ẹdẹ títí ẹ̀rù rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí ba ẹni tí ó rán an níṣẹ́. Àti bí a ṣe ní kí Gbọ̀nńkáà lọ mú un wá. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, fi ìbẹ̀rẹ̀ Ẹdẹ sí ayé Aláàfin Kórí. A. L. Hethersett ní tirẹ̀, nínú Ìwé Kíkà Ẹ̀kẹrin tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ayé àtijọ́ fi kọ́ ìwé kíkà, fi Tìmì àti Gbọ̀nńkáà sí ayé Ṣàngó. Ẹjọ́ yẹn di ọwọ́ àwọn òpìtàn. Èyí tí ó kan ọ̀rọ̀ ti ìsinsìnyí ni pé ìtàn kan náà yìí ti gbé ilé púpọ̀ rí: ó gbé ẹnu, ó gbé ìlù, ó gbé ìwé, ó gbé orí ìtàgé, ó gbé téèpù àti àwo; àkókò sì dé tí ìtàn irú rẹ̀ ń kó lọ sínú fóònù. Nítorí náà, bí àwọn ènìyàn bá ń bèèrè lónìí pé ṣé sinimá tí a ń gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì yóò lé àwo sinimá kúrò lóde, ìbéèrè tí ó ti pẹ́ ni wọ́n ń bèèrè. Ìtàn Tìmì ti fi ojú rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ọba John Adétóyèṣe Láoyè, tí ó jẹ Tìmì Ẹdẹ láti ọdún 1946 títí di ọdún 1975, kì í ṣe ọba tí ń jókòó gbọ́ ìlù lásán. Òun fúnra rẹ̀ mọ ìlù lù, ó mọ̀ ọ́n dé ibi tí àwọn àyàn fi ń fún un ní ọ̀wọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ bí tiwọn. Síbẹ̀, ní ọdún 1959, ó kọ àròkọ lórí àwọn ìlù Yorùbá sínú ìwé àtìgbàdégbà Odù. Ó yẹ kí a kíyè sí èyí. Ẹni tí ìlù kò ṣòro fún láti lù gbé kálámù, ó sì fi ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ sí orí ìwé. Kò sọ pé kí ìwé gba ipò ìlù. Ìlù kò sì kúrò ní ààfin Ẹdẹ nítorí pé a kọ̀wé nípa rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ó mọ̀ pé ilé kan ṣoṣo kò tó fún ohun tí a kò fẹ́ kí ó parun.

Ní Òṣogbo, tí kò jìnnà sí Ẹdẹ rárá, ni Dúró Ládípọ̀ ti ṣí Mbárí Mbáyọ̀ ní ọdún 1962. Ní ọdún kejì, 1963, ó gbé eré Ọba Kò So jáde, Tìmì àti Gbọ̀nńkáà sì dìde dúró lójú àwọn ènìyàn, wọ́n ń pe ògèdè sí ara wọn. Ní ọdún 1964 eré náà dé Berlin; ní ọdún 1965 ó dé ibi àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí òkìkí rẹ̀ ti pọ̀ tó nì yẹn, ṣùgbọ́n eré orí ìtàgé kò ní ilé. Nígbà tí a bá pa iná, tí àwọn òṣèré bá bọ́ aṣọ, tí onílù bá gbé ìlù kọ́, eré ti lọ. Ó di ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ó wò ó. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ R. Curt Wittig ni ó gba ohùn eré náà sílẹ̀ sórí téèpù. Láti inú téèpù yẹn ni Robert Armstrong, Robert Awújọọlá àti Val Ọláyẹmí ti kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ilé-ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ nípa Áfíríkà ní Yunifásítì Ìbàdàn sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní ọdún 1972. A sì fi ohùn náà ṣe àwo orin pẹ̀lú. Ládípọ̀ jáde láyé ní ọdún 1978. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń ka ìwé yẹn lónìí, ohun tí téèpù gbé ni ó ń kà. Ẹwà ijó wọn kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iná tí ń jáde lẹ́nu Ṣàngó kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn kò sọnù, nítorí pé ẹnìkan gbé ẹ̀rọ lọ sí ibẹ̀ ní ọjọ́ kan.

Sinimá gidi ni ó tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1976, Ọlá Balógun ṣe Àjàní Ògún, sinimá àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Dúró Ládípọ̀ kópa nínú rẹ̀. Ẹni tí ó sì gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀ ni Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ayé ń pè ní Adé Love. Afọláyan yìí náà ni ó gbé Ìjà Òmìnira jáde lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí a fà yọ láti inú ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn-Ẹṣin. Hubert Ògúndé náà bọ́ sí i: Ayé ní ọdún 1979, Jáyésinmi ní ọdún 1980. Bí a ti ń wo sinimá ní ayé ìgbà náà yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ ọ́n. Sinimá jẹ́ okùn fíìmù gígùn tí a ká sínú agolo pẹrẹsẹ; ẹ̀dà rẹ̀ kò pọ̀, owó gọbọi ni a sì fi ń ṣe é ní òkè òkun. Ẹni tí ó ni sinimá ni ó ń gbé agolo rẹ̀ káàkiri fúnra rẹ̀, láti gbọ̀ngàn ìlú kan dé òmíràn, láti ilé-ìwé kan dé ìkejì. Yóò jókòó ti ẹ̀rọ títí eré yóò fi parí, yóò ká okùn rẹ̀, yóò sì gbé e sínú ọkọ̀. Kò fi í sílẹ̀ sùn. Agolo náà dà bí ẹ̀kú egúngún: ìdílé tí ó ni ín mọ ibi tí ó wà, ẹnikẹ́ni kò sì lè déédéé gbé e bọ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni ó tú àṣírí yẹn. Mósè Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, gbé Ọ̀run Móoru jáde ní ọdún 1982. Owó ńlá ni ó ná sórí rẹ̀. Kí ó tó rí owó náà kó padà, ẹ̀dà ayédèrú rẹ̀ ti gba ìgboro kan lórí kásẹ́ẹ̀tì. Àwọn tí ì bá sanwó ní gbọ̀ngàn ti wò ó tán nínú yàrá, apanilẹ́rìn-ín sì wọ gbèsè tí kò pa á lẹ́rìn-ín rárá. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan rọrùn láti gbé, ọ̀tọ̀ ni kí olówó rẹ̀ rí owó gbà lórí rẹ̀.

Síbẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì tí ó pa Bàbá Sàlá lẹ́kún ni ó wá bọ́ àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ìjọba ológun gbé ètò àtúntò ọrọ̀-ajé kalẹ̀ ní ọdún 1986, tí iye náírà já wálẹ̀, kò sí ẹni tí apá rẹ̀ ká okùn fíìmù mọ́. Àwọn òṣèré gba kámẹ́rà fídíò mú. Ilé ìháyà fídíò kún àdúgbò: a ń san owó kékeré, a ń gbé kásẹ́ẹ̀tì lọ sílé, a sì ń dá a padà ní ọjọ́ kejì. Túndé Kèlání gbé Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde ní ọdún 1993, ó sì gbé Ṣaworoidẹ jáde ní ọdún 1999, èyí tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá ní yunifásítì láti ìgbà náà wá yóò mọ iye ìgbà tí olùkọ́ ti fi Ṣaworoidẹ ṣe àpẹẹrẹ.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwo dé. Àwo tí ó gba ilẹ̀ Yorùbá kan kì í ṣe DVD, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ayé ń pariwo. VCD ni, tí àwọn ilé-iṣẹ́ Japan àti Philips ti Netherlands jọ fi ìlànà rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 1993. Àwòrán rẹ̀ kò mọ́ tó ti DVD, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rẹ̀ kò wọ́n, àwo náà kò sì wọ́n. Ìṣẹ́jú 74 ni ó ń gbà. Ìwọ̀n kékeré yìí ni ó yí bí a ṣe ń pa ìtàn padà. Sinimá tí ó bá ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ pín sí méjì, bẹ́ẹ̀ ni Apá Kìíní àti Apá Kejì di àṣà. Nígbà tí ó sì jẹ́ pé owó méjì ni a ń gbà lórí méjì, àwọn olóòtú kọ́ bí a ti ń fa ìtàn gùn kí ó lè kún inú àwo méjì. Àwọn tí ń bú sinimá Yorùbá ìgbà náà pé ó ń falẹ̀, pé ọkọ̀ ń rin ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ẹnu-ọ̀nà tó ṣí, ìbá dára kí wọ́n bú ìṣẹ́jú 74 pẹ̀lú. Láti Ìdúmọ̀tà àti Alábà ní Èkó ni àwo ti ń tàn dé ibùdókọ̀ àti ojú ọjà gbogbo ìlú, Ẹdẹ kò sì gbẹ́yìn. Ilé tí kò ní ìwé kan ní àpò àwo.

Ṣùgbọ́n àwo rọrùn láti dà kọ ju kásẹ́ẹ̀tì lọ. Ẹ̀dà kásẹ́ẹ̀tì a máa ṣá. Ẹ̀dà àwo kò yàtọ̀ sí ìyá rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ayédèrú fi ń kó ọ̀pọ̀ sinimá jọ sínú DVD kan ṣoṣo, tí wọ́n ń tà á ní iye tí ẹnikẹ́ni tí ó ṣe sinimá ní òótọ́ kò lè tà á. Òfin wà: òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti wà láti ọdún 1988. Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, gbé sinimá October 1 jáde ní ọdún 2014. Kò pẹ́ tí ẹ̀dà ayédèrú rẹ̀ fi wà lórí igbá. Bàbá ń gbé agolo rẹ̀ sùn. Ọmọ kò mọ ẹni tí ó gbé tirẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá wí pé íntánẹ́ẹ̀tì ni ó pa àwo ní ilẹ̀ Yorùbá, kò rí ìdí ọ̀rọ̀. Orí ibùsùn àìsàn ni íntánẹ́ẹ̀tì bá a.

Ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì gbà wọlé pàápàá kì í ṣe bí a ti ń kọ ọ́ nínú ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà. Fóònù alágbèéká gba Nàìjíríà ní ọdún 2001. Nígbà tí fóònù tí ń fi àwòrán hàn wá pọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn, dátà ṣì wọ́n, ìlà kò sì yá. Ní ìlú bí Ẹdẹ, ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà kan nínú ìsọ̀ kékeré ni ó ń gba sinimá sílẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. Oníbàárà a mú mẹ́mórì káàdì rẹ̀ wá, káàdì tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, a sì kó sinimá kún un fún owó díẹ̀. Alágbàtà kò kúrò lójà. Igbá rẹ̀ nìkan ni ó pààrọ̀. Ohun kejì tí ó ti fóònù lẹ́yìn ni iná mànàmáná. Àwo kò lè sọ̀rọ̀ láìsí ẹ̀rọ àti tẹlifíṣọ̀n, àwọn méjèèjì kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí iná tàbí jẹnẹrétọ̀. Fóònù gbé iná tirẹ̀ sínú. Akẹ́kọ̀ọ́ ní Pólì Ìjọba Àpapọ̀, ní Yunifásítì Adélékè tàbí ní Yunifásítì Redeemer’s, tí gbogbo wọn wà ní Ẹdẹ, lè dùbúlẹ̀ nínú òkùnkùn kí ó máa wo sinimá. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ó ṣẹ́gun àwo, ẹ̀yìn bátìrì ni kí a kọ́kọ́ wò. Orin ti ṣíwájú nínú èyí: Davido, David Adélékè, tí ìdílé bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ẹdẹ, di ẹni tí ayé mọ̀ láti ọdún 2011, kò sì sí àní-àní pé àwọn tí ó mọ orin rẹ̀ lórí fóònù pọ̀ ju àwọn tí ó fọwọ́ kan àwo rẹ̀ lọ fíìfíì.

Lónìí ọ̀nà méjì ni sinimá Yorùbá ń gbà. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà lórí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́, ìpolówó ọjà sì ni ó ń san owó rẹ̀. Díẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Netflix ṣí sí Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2016. Ní ọjọ́ 30, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2022, Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan ṣe, sinimá tí a gbé ka ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́, bẹ̀rẹ̀ sí hàn níbẹ̀ fún gbogbo ayé ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Yorùbá tí ó wà ní Peckham àti èyí tí ó wà ní Ẹdẹ wò ó ní wákàtí kan náà. Agolo Adé Love kò lè ṣe èyí láéláé, ó sì yẹ kí a gba òtítọ́ yìí tọkàntọkàn kí a tó sọ ohun tí ó kù.

Ní ti òwò, ẹjọ́ àwo ti parí. Netflix fúnra rẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ òwò rẹ̀ nípa fífi DVD ránṣẹ́ nínú àpòòwé, fi èyí tí ó kẹ́yìn ránṣẹ́ ní ọjọ́ 29, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2023. Lóòótọ́, àwo orin aláwọ̀ dúdú, tí gbogbo ayé ti sin, jí dìde ní Amẹ́ríkà: ní ọdún 2022, iye tí a tà nínú rẹ̀ ju iye sídì lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 1987. Ṣùgbọ́n olówó tí ó fẹ́ràn ohun àtijọ́ ni ó jí i. Kò sí ẹni tí yóò jí VCD dìde nítorí ẹwà rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ti ìní. Èdè Yorùbá kò fi ẹnu kan náà pe rírà, yíyá àti híháyà. Ohun tí mo rà, tèmi ni, ọmọ mi lè jogún rẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ra àwo ń wí. Ẹni tí ó háyà kásẹ́ẹ̀tì mọ̀ pé ọ̀la ni òun yóò dá a padà. Ẹni tí ó tẹ bọ́tìnnì «rà» lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ni ó ṣe? Ní ọdún 2009, Amazon na ọwọ́ wọ inú ẹ̀rọ àwọn tí ó ti sanwó fún ìwé George Orwell kan, ó sì kó ìwé náà jáde, nítorí pé ẹni tí ó tà á fún un kò ní ẹ̀tọ́ sí i. Ó dá owó wọn padà, ó sì tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n a kò tíì gbọ́ pé ontàwé kan ní Ìbàdàn wọ ilé oníbàárà lóru láti gbé ìwé tí ó ti tà. Ní ọdún 2024, ìpínlẹ̀ California ṣe òfin pé olùtajà kò gbọ́dọ̀ máa pe irú òwò bẹ́ẹ̀ ní rírà láìjẹ́ kí oníbàárà mọ̀ pé àṣẹ lílò lásán ni òun ń gbà. Àwọn ará California ní láti lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kí wọ́n tó lè ya rírà kúrò lára háyà. Ọ̀nà jíjìn tí onílé wà tún jẹ́ ìṣòro: ní oṣù kìíní ọdún 2024 ni Amazon kéde pé òun kò ní gbówó kalẹ̀ fún sinimá tuntun ní Áfíríkà mọ́. Ibi tí a ti ṣe ìpinnu náà jìnnà sí Èkó, ká má tíì wí Ẹdẹ.

Ní ti ìpamọ́, nǹkan burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtàn Tìmì kò dé ọ̀dọ̀ wa nítorí pé ilé tuntun kọ̀ọ̀kan sàn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó dé nítorí pé ní gbogbo oríta, ẹnìkan rù ú kọjá. Ohun tí a kò rù kọjá a máa kù sẹ́yìn. BBC ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú gbogbo ọrọ̀ rẹ̀, nu ọ̀pọ̀ ètò tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ kúrò lórí téèpù ní àwọn ọdún 1960 àti 1970 kí ó lè tún téèpù náà lò. Ní òdìkejì rẹ̀, Shaihu Umar, sinimá èdè Hausa tí Adamu Halilu ṣe ní ọdún 1976, ọdún kan náà pẹ̀lú Àjàní Ògún, ti di èyí tí a rò pé ó sọnù. Ní ọdún 2016 ni a rí okùn rẹ̀ nínú àká àjọ sinimá ìjọba, a tún un ṣe pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ará Jámánì, ó sì tún hàn ní Berlin ní ọdún 2018. Ogójì ọdún ni ó fi wà nínú agolo. Fáìlì inú fóònù kò lè wà ní àìbìkítà fún ogójì ọdún kí ó sì tún jí.

Àwo pàápàá kò ní ogójì ọdún nínú. Àwo tí a fi iná kọ nínú ìsọ̀ a máa ṣá nínú ooru, ìbù a máa jẹ ojú rẹ̀, ìhara a sì mú kí ẹ̀rọ máa ta kókó lórí rẹ̀. Àwọn tí ó wà nínú ewu jù lọ sì ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún sinimá Yorùbá tí a ṣe lẹ́yìn ọdún 2000 tí kò ní ilé mìíràn ju VCD lọ. Wọn kò dàgbà tó kí ilé àkójọ ohun àtijọ́ bu ọlá fún wọn. Wọn kò sì mọ́ tó kí Netflix rà wọ́n. Díẹ̀ nínú wọn ti dé orí YouTube nípasẹ̀ àwọn olóòtú tí ó ṣì ní ojúlówó lọ́wọ́. Àwọn mìíràn, olóòtú wọn ti kú, tàbí ó ti ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún alájàpá kan tí ó ti kúrò lẹ́nu òwò náà. Òfin ọdún 1970 tí ó dá Ilé Ìkówèésí Àpapọ̀ sílẹ̀ ní kí olùtẹ̀wé fi ẹ̀dà mẹ́ta ìwé tí ó bá tẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀. Ìwé Ọba Kò So ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀. Èdè inú àwọn sinimá VCD wọ̀nyẹn, ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀ṣà, ti Ẹ̀gbá, ti Ọ̀yọ́ lẹ́nu àwọn àgbà òṣèré tí ó ti lọ, òwe wọn, oríkì wọn, kò ní olùṣọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kó wọn jọ kò ní pẹ́ kó rí ìṣòro mìíràn. Kọ̀ǹpútà tuntun kò ní ojú tí a ń ki àwo bọ̀ mọ́. Ẹ̀rọ VCD ti di ohun tí a ń wá lọ́dọ̀ àwọn tí ń tún rédíò ṣe. Àwọn àwo náà ṣì wà ní ilé ní Ẹdẹ, nínú dúrọ́ọ̀ tẹlifíṣọ̀n, lábẹ́ ibùsùn, nínú báàgì ọ̀rá. Apá Kìíní wà ní ilé ẹ̀gbọ́n, Apá Kejì sì ti wà ní ilé àbúrò láti ọjọ́ tí ó yá a lọ wò.